Kà Á Tán, Kí O Fún Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà. Òórùn ọbẹ̀ ti ń ta sánsán lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, nítorí náà n kò ní pẹ́.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí kò kà á rí pàápàá mọ̀ ọ́n, torí pé ọjà la wà. Owó ìyá kan sọnù lábẹ́ ẹní. Ta ló wà nítòsí? Ta ló ṣàdédé dìde pé òun ń lọ ra ẹ̀kọ? Ta ló ń búra kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè? Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ń ṣe náà nìyẹn. Á máa ṣọ́ ẹsẹ̀, á máa tẹ́tí, á fura sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kó tó wá ká ẹni tó ṣe é gan-an mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Yorùbá, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ni ín. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó kú ní 2019, kọ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ni akọni rẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fi àwọn ọ̀daràn sílẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ka lára wọn nílé ìwé.

Kí ló dé tí mo fi yan irú ìwé yìí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kà nílé ẹ̀kọ́ àgbà, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oorun tètè máa ń gbé e lórí ìwé tí kò ládùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa èèyàn lójú ìwé kìíní, yóò fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Yóò ṣí ìkejì, yóò ṣí ìkẹta. Ìyá tí kò mọ̀ ọ́n kà rárá, ọmọ rẹ̀ lè kà á fún un nísọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọ tó ń ṣojo pé àmì ohùn Yorùbá le, kó ka orí mẹ́ta fún ìyá rẹ̀ ná. Ẹ ó rí i pé ará ìsọ̀ kejì á ti fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

Wàyí o, bí a bá kà á tán ńkọ́? Ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ikán ní ń kà á. Ẹ jẹ́ kó máa rìn. Ní 2001, ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Ron Hornbaker dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BookCrossing. Bí èèyàn bá ka ìwé tán, á kọ nọ́ńbà kan sínú rẹ̀, á fi í sílẹ̀ níbi tí èrò ti ń kọjá. Àjèjì tó bá rí i á mú un lọ, á kà á, òun náà á fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹgbẹ́ kòpúrétíìfù la jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó níbí, ó gbọ́dọ̀ ní oníduùró, kó sì san èlé. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, a kì í yá a ní kọ́bọ̀. Òótọ́ ni, kó má sì yí padà, torí pé bí owó bá lọ tí kò bọ̀, owó ilé ìwé ọmọ ẹnì kan ló lọ yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ ti kà tán, èrè rẹ̀ ti wọ orí yín. Ẹni tó gbé e lọ kò mú nǹkan kan kúrò lára yín. Bó bá tilẹ̀ tà á, ẹni tó rà á á ṣáà kà á.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló dé tí n kò fún ọ̀rẹ́ mi? Ẹ fún un. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa náà nìwé ọ̀hún á máa yí po. Àjèjì ló máa gbé e dé ìlú tí ẹsẹ̀ wa kò dé, ibo sì ni àjèjì pọ̀ sí ju ọjà lọ?

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin kan ń yọjú wo ìwé ọwọ́ mi. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, mo ti kà á tán, mo sì nà án sí i. Ó ní, “Mọ́mì, èló ni?” Mo ní kò ní owó. Ó ní, “Ta ni mo máa dá a padà fún?” Mo ní, “Ẹni tó bá ń yọjú wo ọwọ́ tìrẹ náà.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí ìwé náà wà títí dòní, inú mi sì dùn sí i.

Òfin mẹ́rin péré ni mo bẹ̀ yín kí ẹ pa mọ́:

Èkíní, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èèpo ìwé pé, “Kà á tán, kí o fún ẹlòmíràn.” Ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù yín. Ayé ti yàtọ̀.

Èkejì, ẹ má sọ ẹni tó pa òkú fún ẹni tí ẹ fún níwèé! Ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀, omi ló gbé fún àlejò.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀pà àti àkàrà, ẹ dákun, ẹ má fi ìwé yìí pọ́n ọjà. Bí ojú ìwé tó kẹ́yìn bá ya lọ, ọ̀daràn ti bọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí tuntun rà, ẹ rà á. Ẹ má ṣe fọ́tókọ́pì odindi ìwé. Òǹkọ̀wé náà, ọjà ló ń tà bíi tiwa, òun náà fẹ́ jèrè.

Mo kó ìwé mẹ́fà wá, wọ́n wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni mẹ́fà tó bá kọ́kọ́ mú wọn, ẹ kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ kò sì nílò oníduùró. Kí ẹ ṣáà kà á, kí ẹ sì fi í fún oníbàárà tí ẹ kò rí rí.

Ọjà á tà o. A kò ní kó ẹrù délé láìtà. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.