Ẹ Má Jẹ́ Kí Àmì Já Bọ́ Lára Orúkọ Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo fi Python to ìwé owó ẹgbẹ́ wa, "owó ọkọ̀" ni mo kọ síbẹ̀. "Owó ọkọ" ló jáde. Màmá kan bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé: "Akọ̀wé, ọkọ ta ni ẹ ń fi owó wa bọ́?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Bí ìwé owó bá dàrú, ọkàn àwọn tó dá owó náà kì í balẹ̀ mọ́.

Kí ló fà á? Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Orúkọ kan jẹ́ àkójọ lẹ́tà. Ìwé orúkọ wa wá jẹ́ àkójọ inú àkójọ, báyìí:

oruko = [["A", "d", "é"], ["B", "ọ́", "l", "á"]]

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Python, bí ẹ bá kọ "".join(oruko), TypeError ni yóò fi dá yín lóhùn. Lẹ́tà ló ń retí, ẹ wá kó odidi àkójọ fún un. Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀:

odidi = ["".join(o) for o in oruko]
print(", ".join(odidi))

Adé, Bọ́lá ni yóò jáde.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Unicode ní ẹyọ kan fún á, ó ní ẹyọ kan fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà náà dá wà, àmì orí rẹ̀ dá wà. Lẹ́tà 4 ni àwa rí nínú Bọ́lá. Python á ka 5, ó kéré tán. Èmi fẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò, mo fi isalpha() sẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Isalpha() ò ka àmì yẹn sí lẹ́tà, ló bá dà á nù. Bí ọkọ̀ ṣe di ọkọ nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Bí unicodedata.combining() bá fún yín ní nọ́ńbà tó ju 0 lọ, àmì ni. Ẹ so ó mọ́ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ kí ẹ tó sẹ́ ohunkóhun.

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ tiyín náà wà ńbẹ̀. Orí fóònù, a kì í fi àmì sí orúkọ, títí kan Igbona fúnra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n pè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn yín pe orúkọ yín sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Àwa á fi àmì sí i. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.