Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Port-Bouët

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń ṣòwò ní Abidjan tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ọjà ni àwọn òbí ń tà. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ọmọ ti kàwé dé yunifásítì, wọn kò sì fẹ́ jókòó ti ìsọ̀ mọ́.

Ẹ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n bí sí Port-Bouët, ní etí òkun, nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú, tí ó gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá rẹ̀ ní kí ó dúró de iṣẹ́ ìjọba. Ìmọ̀ràn àgbà ni, ṣùgbọ́n òfin kò bá a lọ. Ẹni tí yóò ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní Côte d'Ivoire ní láti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà; bí ìyá àti bàbá ènìyàn bá sì jẹ́ àlejò, pé wọ́n bí i síbẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀. Àfi bí ìjọba bá gbà á sí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un.

Onílé-ẹ̀kọ́ náà mọ èyí pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ewu sì wà. Àwọn olùkọ́ kan ń gba owó oṣù. Àwọn mìíràn, owó wákàtí tí wọ́n fi kọ́ni ni tiwọn. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ẹni tí ń gba owó wákàtí kò ní nǹkan kan í gbà, bẹ́ẹ̀ ni onílé kì í dúró kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé kí ó tó béèrè owó ilé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ aládàáni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò rí owó gbà.

Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ CFA 75,000 láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ìyẹn rọrùn láti bi wọ́n. Èyí tí ó ṣòro láti béèrè ni pé: ṣé oṣù méjìlá ni owó náà, tàbí mẹ́sàn-án? Ṣé wọn yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNPS, àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì? Ọdún 15 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi dá owó síbẹ̀ kí ó tó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù, ọdún tí ó bá sì fi kọ́ni láìforúkọsílẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Àṣẹ ìkọ́ni láti ọ̀dọ̀ ìjọba ńkọ́, ta ni yóò bá a gbà á?

Bí wọ́n bá kọ gbogbo èyí sílẹ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ó gba iṣẹ́ náà, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó èrè ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó, ó sàn kí ó padà sí ìsọ̀ fún oṣù díẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ó ń san owó wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn yóò tún ránṣẹ́ pè é.