Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ NIN Wa?

Ọ̀rọ̀ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo bá wá.

Kì í ṣe òfin ni kò sí. Láti 2015 ni òfin ti wà tí ó ní kí ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò máa darí gbogbo ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti olè yìí. Kí ni ẹ fojú rí níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2024, Báńkì Àpapọ̀ kọ̀wé pé kí àwọn báńkì máa yọ owó ààbò lórí owó tí a bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́: náírà 50 nínú 10,000. Ariwo ta! Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fa ìwé náà padà. Wọ́n mọ ọ̀nà àpò wa ju ọ̀nà ilé olè lọ.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative ké síta pé wọ́n ń ta NIN wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náírà 100 péré. Àkàrà mélòó ni náírà 100 ń rà ní Ìkọ̀tún? Àjọ tó ń fún wa ní NIN ní kò sẹ́ni tó já wọ ọ̀dọ̀ àwọn. Ó dáa, ta ló wá tà á?

Bí olè bá fi NIN ìyá kan yá owó, ṣé báńkì ni kí ìyá lọ, àbí téṣàn? Ọ́fíìsì kan ṣoṣo la fẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, tí yóò gba ẹjọ́ náà, tí yóò sì kàn sí báńkì àti ọlọ́pàá lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n pé ibo ló wà.