ORIN Ń DÙN LẸ́NU, EBI Ń BẸ NÍNÚ: Eré Olórin Amẹ́ríkà Ṣáájú 1934 àti Eré Hubert Ògúndé

 

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó yàn mí láti sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé eré orin àtijọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ eré náà ló kù tí àgbà ń sọ?" Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fi dá a lóhùn: òwe òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á mú lọ sílé lónìí. Eré tó kún fún orin, ijó àti ẹ̀rín lè gbé ọ̀rọ̀ wúwo tí ẹnu lásán kò lè gbé. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyí náà tí kò fi yẹ kó ṣègbé mọ́ wa lọ́wọ́.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Láti 1927 tí fíìmù Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, orin ni wọ́n fi ń pe èrò. Ní 1929, wọ́n gbé The Broadway Melody jáde, fíìmù olórin tó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tó dára jù lọ. Ọdún 1929 yìí kan náà ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Nígbà tó fi máa di 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú fíìmù kan péré yẹ̀ wò, Gold Diggers of 1933. Mervyn LeRoy ló darí rẹ̀, Busby Berkeley ló sì ṣètò ijó inú rẹ̀. Bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ń kọrin pé owó ti dé, wọ́n fi owó ẹyọ ńláńlá ṣe ẹ̀ṣọ́ sára. Orin náà kò tíì parí tí àwọn agbowó-gbèsè fi ya wọlé, tí wọ́n ń kó aṣọ eré, tí wọ́n ń já a kúrò lára àwọn oníjó pàápàá. Èrò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti wá kó ẹrù ilé rẹ̀ rí mọ ohun tí òun ń wò. Lẹ́yìn èyí, mẹ́ta nínú àwọn ọmọbìnrin náà wà nínú yàrá kan láìsí oúnjẹ, títí ọ̀kan fi jí mílíìkì aládùúgbò láti ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn gbogbo àwàdà àti ìfẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, orin ìgbéyàwó kọ́ ni fíìmù náà fi parí. Orin àwọn sójà ogun àgbáyé kìíní ni, àwọn tí ìlú lò tán tí wọ́n wá ń tò gba búrẹ́dì lójú títì. Ọdún kan ṣáájú, ní 1932, irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ rọ́ lọ sí Washington láti béèrè owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn, sójà ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sì fi lé wọn jáde. Arábìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Etta Moten, wà lára àwọn tó kọ orin náà. Arábìnrin yìí kan náà wá sí Accra ní 1957 nígbà tí Ghana gba òmìnira, ibẹ̀ ló sì ti fọ̀rọ̀ wá Martin Luther King lẹ́nu wò.

Nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ti kọ ìlànà kan sílẹ̀ láti 1930 nípa ohun tí fíìmù kò gbọdọ̀ fi hàn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Ó di oṣù Keje 1934, nígbà tí àwọn ìjọ ti fa ìbínú yọ, kí ìlànà náà tó múlẹ̀. Wọ́n fi Joseph Breen ṣe olùyẹ̀wò. Fíìmù tí kò bá gba òǹtẹ̀ rẹ̀ kò lè dé àwọn ilé sinimá ńlá. Ìlànà yìí wà títí di 1968. Eré olórin kò kú o, ṣùgbọ́n enu rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kùn níbẹ̀ pé ìhòhò ló pọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni, aṣọ àwọn oníjó náà kò tó. Ohun tó tún burú jù, àwọn òyìnbó ń kun ojú wọn ní dúdú nínú àwọn kan láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ní kí ẹ gbé èyí wá sílé fún ọmọ yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣa ọ̀kà kúrò nínú ìyàngbò, a kì í da ọ̀kà nù.

2. ÒGÚNDÉ ÀTI ÌYANṢẸ́LÓDÌ 1945

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sílé. Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Ògúndé ní Ọ̀sọ̀sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá. Aṣọ ọlọ́pàá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ní 1944 nígbà tó gbé eré rẹ̀ nípa ọgbà Édẹ́nì jáde ní Gbọ̀ngán Glover ní Èkó, láti kówó jọ fún ìjọ Aládùúrà.

Ọdún kejì ni ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ogun ti mú kí ọjà gbówó lórí, ṣùgbọ́n owó-oṣù dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ìfìwéránṣẹ́ àti ti àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ta ni akọni wọn? Michael Imoudu ni, ọmọ Ora, ní Ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó tí a jókòó sí yìí. Ìjọba amúnisìn ti mú un ní 1943, wọ́n sì fi í pa mọ́ sí Auchi. Kò pẹ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ ni ìyanṣẹ́lódì náà bẹ̀rẹ̀.

Ògúndé fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Jos ní 1946, ìjọba fi òfin de eré náà. Ní oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley ní Enugu. Ní 1950 ni Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde. Wọ́n fi òfin de èyí náà ní Kano.

Ẹ má ṣe rò pé ìwàásù gbígbẹ ni àwọn eré wọ̀nyí o. Ìlù wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀. Ní 1947, Ògúndé àti ìyàwó rẹ̀ Clementina lọ sí London, wọ́n sì kọ́ ijó tap àti waltz, irú ijó tí Fred Astaire fi gbajúmọ̀ nínú fíìmù. Nígbà tó di 1950, ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ogunde Concert Party. N kò sọ pé Ògúndé wo fíìmù kan kó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Eégún alárìnjò ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀ àwọn ọlọ́lá kí òyìnbó tó dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ebi kan náà ló bí orin méjèèjì.

Òmìnira dé, a rò pé ó parí. Ní 1964, Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tiwa-n-tiwa fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà, títí ìjọba ológun fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Òfin ọ̀hún kò dé Ìbìní, nítorí Midwest ti di ẹkùn tirẹ̀ láti 1963. Ẹ rí i pé nígbà tí a lé ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrò nílé, ìta ló ti rí ilẹ̀ tí yóò dúró lé.

3. BÍ Ó ṢE YẸ KÍ Á WÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Opening glee Ògúndé kì í ṣe kí èrò lè ráyè jókòó nìkan. Ibẹ̀ ló ti ń kìlọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbani nímọ̀ràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn obìnrin. Ní àkókò tí àwọn òbí ń pe eré tíátà ní iṣẹ́ alágbe, Ògúndé gba obìnrin síṣẹ́, ó sì ń san owó fún wọn. Ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó, kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láìsí wọn, kò sí ẹgbẹ́.

Lákòótán, ẹ bi ara yín léèrè pé ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ní 1946, ó ṣe Human Parasites, tó bá ìfẹ́ aṣọ ẹbí àṣejù wí. Ẹ̀yin ìyá wa, mo rí i pé ẹ ń wo aṣọ ara yín! Òun ni mo ń wí.

4. Ẹ̀BI TÈMI

Kí n tó jókòó, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Bàbá mi ní àpótí àwo gíráámófóònù. Orin Ògúndé wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, á gbé ọ̀kan sí i, á fi ìka lu tábìlì, ojú rẹ̀ á sì wà lọ́nà jíjìn. Èmi rò pé ijó ló ń wù ú. Nígbà tó kú, tí a fẹ́ kó ilé, èmi ni mo ní kí wọ́n kó àpótí náà fún ẹni tó ń ra ohun àlòkù. Mo ní kò sí ẹ̀rọ tí yóò kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bá ara mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní oṣù tí owó-oṣù kò wọlé, èkejì kò wọlé, ẹ̀kẹta kò wọlé. Ìgbà náà ni mo rántí ìka tó ń lu tábìlì. Bàbá mi wà lára àwọn tó yanṣẹ́lódì ní 1945. Ijó kọ́ ló ń wù ú. Ó ń gbọ́ ìtàn ara rẹ̀ ni, mo sì ti ta ìtàn náà.

Ògúndé papò dà ní 1990. Àwọn àgbà tó gbọ́ orin náà lójú agbo ń dín kù lójoojúmọ́. Nítorí náà, mo bẹ yín: ẹni tó bá ní àwo, fọ́tò tàbí ìwé ìpolówó eré nílé, kó má tà á, kó mú un wá kí ẹgbẹ́ yà á sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti bàbá yín àti ìyá yín, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù yín. Bí wọ́n bá kọrin, ẹ má kàn jó. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́.