Ilé Tí A Ó Gbé, Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Yóò Lọ

Iṣẹ́ tí olóòtú ètò yìí gbé lé mi lọ́wọ́ lálẹ́ òní ni pé kí n ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí àwọn tí wọ́n jókòó yí tábìlì yìí ká tó dá sí i. Ìbéèrè náà kò ṣòro láti bi. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Nígbà tí owó kò bá tó fún méjèèjì, kí ni kí òbí fi yan àdúgbò tí yóò gbé: ṣé bí owó ilé ibẹ̀ ti mọ ni, tàbí bí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ti dára tó?

Àwọn baba wa ti pa ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọmọ pọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò ní kí á má kọ́lé. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ ọmọ ni òpó tí ó gbé ilé dúró. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ìdílé ni ẹni tí ó pa òwe náà ń kọ́lé sí. Kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwa ayálégbé òde òní ni kí á tún ìṣirò náà ṣe.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sí ìlú òyìnbó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mú èrò náà wá pé bí ilé bá ti wọ́n tó ni ilé ẹ̀kọ́ yóò ti dára tó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn tí ó ń wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan bá pọ̀ ju àyè tí ó wà lọ, ọ̀kan nínú ohun tí a sábà máa ń wò ni bí ilé ọmọ ti súnmọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà tó. Nítorí èyí, àwọn òbí a máa du ilé tí ó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí ó lórúkọ. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, tí ó fi hàn pé owó ilé tí ó wà nítòsí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó peregedé jùlọ fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àgbègbè tí ó yí wọn ká lọ.

Ní Amẹ́ríkà, okùn náà tún yi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀, ojúlé tí ọmọ ń gbé ni ó ń sọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí yóò lọ, apá kan nínú owó tí a fi ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ sì ń wá láti inú owó orí tí a ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn ní 1973, nígbà tí àwọn òbí kan ní San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas pẹjọ́ pé ètò yìí ń fi ìyà jẹ ọmọ tálákà. Adájọ́ 5 dá wọn lẹ́bi, adájọ́ 4 gbè wọ́n. Ní 1999, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Sandra Black, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ìlú tí ó yí Boston ká. Ó fi àwọn ilé tí ó wà ní apá ọ̀tún ààlà ilé ẹ̀kọ́ wé àwọn tí ó wà ní apá òsì, nítorí pé àdúgbò kan náà ni wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Ó rí i pé níbi tí máàkì ìdánwò àwọn ọmọ bá ti fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ga, àwọn òbí ń fi nǹkan bí ìdá 2 ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ilé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwọn, owó ilé ẹ̀kọ́ ni ó fara pamọ́ sínú owó ilé. Ẹni tí ó ra ilé ra àyè fún ọmọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tí ó ń san owó ilé gọbọi ní àdúgbò ọlọ́lá ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kò fi owó náà ra àyè ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í tilẹ̀ lo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní òpópónà wọn. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni wọ́n ń mú ọmọ lọ, wọ́n sì tún ń sanwó níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sanwó. Ohun kan ṣoṣo tí owó ilé lè rà fún ọmọ ní ilẹ̀ wa ni pé kí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ má jìn sí i. Orúkọ àdúgbò kì í kọ́ ọmọ ní ìwé.

Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni kí á kọ́kọ́ díwọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ àwọn òṣìṣẹ́ Èkó tí wọ́n kó lọ sí Mówé tàbí Ìbàfò ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn, tàbí sí Ìkòròdù, nítorí pé owó ilé rọjú níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Bí apá ẹni bá ti mọ ni à ń ṣe é mọ. Ṣùgbọ́n bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá fi ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú ìgboro, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé tí ó jìn fi 400,000 náírà dín ní ọdún kan sí ilé tí ó súnmọ́. Ká ní owó ọkọ̀ ọmọ méjì jẹ́ 1,500 náírà ní ojúmọ́. Bí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 60 ni, sáà mẹ́ta sì jẹ́ ọjọ́ 180. Owó ọkọ̀ di 270,000 náírà. Nínú èrè 400,000 tí à ń yọ̀ lé lórí, 130,000 péré ni ó kù.

Èyí tí ó burú jù kò sí nínú owó. Bí ọmọ bá ń lo wákàtí 2 lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, wákàtí 360 ni lọ́dún. Wákàtí 6 ni ọmọ ń lò nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan. Ẹ fi 6 pín 360, ẹ ó rí 60. Ọjọ́ 60 ni odidi sáà ẹ̀kọ́ kan! Ọmọ náà ń lo sáà mẹ́ta nínú kíláàsì, ó sì ń lo ẹ̀kẹrin nínú dánfó. Àwa olùkọ́ ni a máa ń rí wọn, àwọn tí a jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ òru, tí wọ́n ń sùn lórí tábìlì nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò. A ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé wọn ni ó jìn.

Àṣìṣe kejì wà tí kò yàtọ̀ sí èyí. Òbí mìíràn gba ilé tí agbára rẹ̀ kò ká, kí ó ṣáà lè wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ olókìkí. Owó ilé gbé gbogbo owó oṣù mì. Bàbá wá iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ ọ̀sán, ìyá kì í ti ọjà dé kí ọmọ tó sùn, kò sì sí owó ìwé kíkà nínú ilé. Ní 1966, James Coleman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé irú ilé tí ọmọ ti wá nípa lórí ohun tí ọmọ mọ̀ ju àwọn ohun èlò inú ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òbí tí ó ta gbogbo àkókò tí ó yẹ kí ó lò pẹ̀lú ọmọ, kí ó lè fi ra ilé ẹ̀kọ́ rere, ti fi ohun tí ó tóbi ra ohun tí ó kéré.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ilé ẹ̀kọ́ rere tilẹ̀ lè wà ní àdúgbò tí kì í ṣe ti olówó? Ó ti wà rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí gbogbo wa gbọ́ nípa rẹ̀. Wọn kò lọ wá ọmọ olówó. Ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n ṣe ìwé fún wọn, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, wọ́n sì tún ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe owó ilé Mọdákẹ́kẹ́ ni ó ga. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ ni ó yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí òbí tó fún alágbàtà ilé lówó, kí ó fi òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní àdúgbò náà, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Kí ó má wo ọ̀dà ara ògiri. Kí ó wò ó bóyá olùkọ́ wà nínú kíláàsì. Kí ó bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wo ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí, bóyá a ń yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Kí ó ka orí àwọn ọmọ: ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ẹ̀kọ́ ní kí olùkọ́ kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ó fún ọmọ ọlọ́dún kẹta ní ìwé tí kò kà rí, kí ó gbọ́ bí yóò ti kà á. Bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá yege, tí owó ilé ibẹ̀ kò sì fún òbí lọ́rùn, kí ó gba ilé níbẹ̀, bí àdúgbò náà kò tilẹ̀ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù tí ó dun èmi olùkọ́ ju gbogbo èyí lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí ọmọ àgbẹ̀ má ṣe kó lọ sí ibòmíràn kí ó tó lè mọ̀wé. Lónìí, nígbàkigbà tí ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, àwọn òbí tí ohùn wọn lè dé etí ìjọba ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó ọmọ wọn kúrò. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ a wá di ti àwọn tí kò ní ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Òrùlé a jò, kò ní sí ẹni tí yóò pariwo. Ọmọ tí kò ríbi sá sí ni yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ rẹ̀ ṣe ètùtù fún àdúgbò. Ṣùgbọ́n ìgbà mélòó ni a ó kó ẹrù kí á tó rí i pé a lè tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe pẹ̀lú owó àti agbára tí a fi ń sá fún un? Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí nìyẹn, ati fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu yín.