Ẹsẹ̀, Ọkọ̀ àti Ọ̀nà: Àmánà Mẹ́ta Tó Wà Lọ́wọ́ Wa



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ẹ̀mí wa sí tí a fi tún rí oṣù Ràmàdáánì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammadu, àti ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Gbọ̀ngán, ní Ọdẹ-Òmu, ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní gbogbo abúlé tó yí wa ká, ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú ìṣínu. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa ní iṣẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí dá lórí ìrìn: bí a ṣe ń rìn, ohun tí a ń wọ̀, àti ọ̀nà tí a ń tọ̀. Ẹlòmíràn lè máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Kí ló kan ìrìn nínú wáàsí àwẹ̀?" Ó kàn án, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, àmánà ni. Ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní in, àmánà ni. Ọ̀nà tí gbogbo wa jọ ń tọ̀, àmánà ni. Ohun tí Ọlọ́hun bá sì fi sí wa níkàáwọ́, yóò bi wá léèrè bí a ṣe lò ó.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹsẹ̀ ṣáájú. Nígbà ayé Ànábì, ìdílé kan wà ní Mẹ̀dínà tí wọ́n ń pè ní Banu Salima. Ilé wọn jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n fẹ́ kó wá sí tòsí. Ànábì gbọ́, ó ní kí wọ́n dúró sí ibi tí wọ́n wà, nítorí pé gbogbo ìṣísẹ̀ wọn ni à ń kọ sílẹ̀ fún wọn. Hádíísì yìí wà nínú ìwé Muslim. Bukhari náà gbà á wá pé Ànábì a máa lọ sí mọ́ṣáláṣí Kuba ní ọjọọjọ́ Sátidé, nígbà mìíràn lórí ẹran gígùn, nígbà mìíràn lórí ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní ràkúnmí. Ó ní in, ó sì tún ń fi ẹsẹ̀ rìn. Nínú Súrà Hájì pàápàá, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún Ànábì Ibrahima pé kó pe àwọn ènìyàn wá sí Hájì, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni a kọ́kọ́ dárúkọ, kí á tó dárúkọ àwọn tó gun ràkúnmí.

Àwọn bàbá wa mọ iyì ẹsẹ̀. Láyé àtijọ́, ọjà Àpòmù lókìkí. Ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀ láti ná ọjà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn débẹ̀ tẹrù-tẹrù. Lónìí ńkọ́? Mọ́ṣáláṣí ràtíbì wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n yóò dúró de ọ̀kadà kí ó tó lọ kírun. Ọmọ tí ilé-kéú rẹ̀ kò ju òpó iná mẹ́ta lọ sí ilé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé e lọ, tí yóò sì gbé e bọ̀.

Ẹ̀yin náà sì rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn rọpárọsẹ̀. Nígbà kan, àrùn àgbàlagbà ni à ń pè wọ́n. Ní báyìí, ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. A kò sọ pé ìrìn nìkan ló ń wo àrùn, nítorí ọwọ́ Ọlọ́hun ni ìwòsàn wà, àwọn dókítà sì ní iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ilé rẹ bá jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí o rìn lọ tí o sì rìn bọ̀ fún Àsùbáà àti Ìṣáì nìkan, ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn lóòjọ́. Ní ọjọ́ méje, ó di 280. O ti kọjá ohun tí àwọn dókítà ń béèrè, làdá ìṣísẹ̀ sì tún wà níbẹ̀ fún ọ. Oògùn wo ló tún dára ju èyí tí ènìyàn ń lò tó tún ń gba ẹ̀san lórí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn a gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀, bó bá di ìṣínu, yóò jẹun bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Dòdò Ìkirè dùn, a kò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa, nínú hádíísì tí Tirmidhi gbà wá, pé bí a óò bá kún ikùn, kí á pín in sí mẹ́ta: apá kan fún oúnjẹ, apá kan fún omi, apá kan fún èémí. Ẹni tó bá jẹun níwọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ sí tàráwíhì. Ẹni tó bá jẹ àjẹkì, oorun ni yóò gbé e lọ.

Ẹ rántí Hájì náà. Rírìn lẹ́ẹ̀meje láàárín Safa àti Mariwa tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta, a kò tíì ka yíyí Kaaba ká lẹ́ẹ̀meje mọ́ ọn. Ẹlòmíràn fi ogún ọdún tọ́jú owó Hájì, kò sì tọ́jú ẹsẹ̀ tí yóò fi ṣe é.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe gómìnà láti ọdún 2010 sí 2018, ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní "Walk to Live," ìyẹn ni pé kí á máa rìn kí á lè wà láàyè pẹ́. Gómìnà fúnra rẹ̀ a máa kó sáàárín èrò, tọmọdé tàgbà a sì jọ máa rìn ní ìgboro. Ẹni tó fẹ́ràn ìjọba yẹn àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sí èyí tó lè sọ pé ìrìn náà kò dára. Ṣùgbọ́n ìjọba a máa dé, ìjọba a sì máa lọ. Ìpè làdánì kì í bá ìbò lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló ń pè wá pé kí á dìde, kí á rìn. Bí àwa Mùsùlùmí bá dáhùn rẹ̀ bó ti yẹ, a ò ní dúró de gómìnà kankan kó tó kọ́ wa ní ìrìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí yìí. Ìrìn tó wu ènìyàn rìn yàtọ̀ sí ìrìn tí ìṣẹ́ lé ènìyàn sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà ti di nǹkan bí 500. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìgbà náà, ìyá tó ń kiri ọjà, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ sí Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ń rìn nítorí kò sí owó ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kí á wá máa wáàsí fún irú wọn pé ìrìn dára fún ara. Ọ̀rọ̀ tiwọn wà lọ́rùn àwa tí a ní ọkọ̀.

Àmánà kejì nìyẹn. Abu Saidi Al-Khudri ròyìn, hádíísì náà sì wà nínú ìwé Muslim, pé wọ́n wà lórí ìrìn àjò pẹ̀lú Ànábì, ó sì pàṣẹ pé ẹni tí ẹran gígùn rẹ̀ bá lé kan, kó fi ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Ẹran gígùn ayé ìgbà yẹn ni mọ́tò ayé ìgbà yìí. Ìjókòó mẹ́rin tó ṣófo nínú ọkọ̀ rẹ láti Gbọ̀ngán dé Òṣogbo, ohun tó lé lọ́wọ́ rẹ ni. A kò ní kí o gbé ẹni tí o kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà, nítorí ayé ti yí padà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń to sáàfù ńkọ́?

Ìjọba yẹn kan náà a máa pèsè ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà Iléyá, kí ọmọ Ọ̀ṣun lè wálé ṣọdún. Ní Mẹ́kà, ọkọ̀ ojú irin tó so Mina, Musidalifa àti Arafa pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, nítorí mọ́tò ti pọ̀ jù fún ọ̀nà. Ní Èkó, bọ́ọ̀sì gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní BRT bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́ wa: bọ́ọ̀sì kan tó kó ènìyàn méjìdínlógún ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ mọ́tò méjìdínlógún. Nítorí náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ èrò, iṣẹ́ ìsìn ló ń ṣe bó bá bẹ̀rù Ọlọ́hun. Bó bá sì já èrò sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, tàbí tó fi owó kún owó nígbà tí òjò ń rọ̀, ó jẹ àmánà.

Kẹ̀kẹ́ ológeere náà ńkọ́? Nígbà kan, tíṣà àti akọ̀wé tó ń ra kòkó ló ń gun Raleigh nílùú wa, a sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Lónìí, bí a bá rí ẹni tó gùn ún, a ní ìyà ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́láńdì, níbi tí àǹkárá olówó iyebíye ti ń wá, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Mark Rutte tó jẹ́ olórí ìjọba wọn títí di ọdún 2024 a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí á gùn ún, kì í ṣe ọlá.

Àmánà kẹta ni ọ̀nà. Ànábì ní ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ lára wa: kí á rẹ ojú sílẹ̀, kí á má ṣe ni ènìyàn lára, kí á dáhùn sálámà, kí á pàṣẹ rere, kí á kọ ìwà búburú. Ó tún ní mímú ohun tó lè pani lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe rìn, tí ṣọ́ọ̀bù ti gba ẹ̀bá títì, tí gọ́tà sì kún fún pàǹtírí? Kí á má tan ara wa, àwa onímọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, a ń gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà onílé, aláboyún kò rí ibi kọjá, a wà nínú mọ́ṣáláṣí à ń tọrọ àlùjánà. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀, èyí tó gba ẹ̀bá ìlú wa kọjá, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ sọdá, ẹ̀mí ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 ènìyàn ló ń kú lọ́dún kan nínú ìjàǹbá ọ̀nà lágbàáyé. Ẹni tó ń sá eré àsápajúdé nítorí kó lè bá ìṣínu nílé, kó rántí pé omi àti dàbínù kan nínú ọkọ̀ ti tó láti fi ṣínu.

Kí ni kí á wá ṣe? Ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín. Èkíní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan jọ máa rìn lọ sí tàráwíhì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹ̀rù má ba àwọn ìyá wa àti ọmọdé. Ẹni tó ní àìsàn kó bi dókítà rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rìn. Èkejì, kí àwọn onímọ́tò nínú ẹgbẹ́ wa sọ iye ìjókòó tó ṣófo lọ́kọ̀ọ wọn fún akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, kí a lè fi gbé arúgbó àti aláìlera lọ sí Yídì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ wa kó gọ́tà àti ẹ̀bá ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí oṣù yìí tó tán, kí wọ́n sì dúró ran ènìyàn lọ́wọ́ láti sọdá títì ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, kó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Yídì ní ọjọ́ ìtúnnu. Súnnà ni kí á gba ọ̀nà kan lọ, kí á gba ọ̀nà mìíràn bọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó kí ẹni tó pọ̀, a ó sì mọ ilé ẹni tí ebi ń pa ládùúgbò, èyí tí ẹni tó wà nínú mọ́tò kò lè rí.

Súrà Yá Sín sọ fún wa pé ní ọjọ́ ẹ̀san, ọwọ́ yóò sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ yóò sì jẹ́rìí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa jẹ́rìí rere gbè wá. Kí ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera, kí ó ṣọ́ àwọn tó wà lójú ọ̀nà, kí ó sì jẹ́ kí á ṣe àṣeyọrí àwẹ̀ yìí. Àámín.