Router, Iná NEPA àti Ìka Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ààbò ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, torí pé àwọn ọmọ tí à ń mú láti ilé wá kọ́ iṣẹ́ yìí ní Okota kò kéré. Mi ò ní sọ ti gbogbo ẹ̀rọ. Router nìkan ni mo mú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọnà sí etí ilẹ̀kùn àti kábíníẹ̀tì. Ó kéré lójú, àmọ́ bit ẹnu rẹ̀ lè yí ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni iná wa yìí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ ń ṣiṣẹ́, NEPA mú iná lọ, ó gbé router sórí tábìlì, ó lọ ra gàrí. Kò pa suwíìṣì. Ẹlòmíì dé, ó fẹ́ pààrọ̀ bit, ó ti fọwọ́ dì í mú. Ìgbà yẹn gan-an ni àdúgbò máa pariwo "Up NEPA!", tàbí kí ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà lẹ́nu òun. Torí náà, tí iná bá ti lọ, ẹ pa suwíìṣì, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan bit gbọ́dọ̀ yọ wáyà, kódà kí iná má lọ. Ọ̀gá tó bá ń jágbe mọ́ ọmọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò torí pé ó yọ wáyà, ọ̀gá yẹn ló jẹ̀bi, ẹ má bínú.

Ẹ tún ṣọ́ bit fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú router tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, bit tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin ínǹṣì ló ń gbà, ìyẹn mílímítà 6.35. Àwọn bit kan wà lọ́jà tó jẹ́ mílímítà 6. Ó máa wọlé, ẹ ó fi sípánà fún un, ẹ ó rò pé ó ti dì. Kò dì o! Ó lè fò jáde bí ọta ìbọn.

Tí etí pákó bá kọjú sí yín, láti òsì ni kí ẹ ti máa tì í lọ sí ọ̀tún. Á máa bá yín fà á díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ẹ bá tì í láti ọ̀tún sí òsì, ẹ̀rọ á sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi kílámpù di pákó mọ́ tábìlì, ẹ má ní kí ọmọ kékeré bá yín dì í mú. Ẹ má sì jẹ ẹ́ jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ni.

Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ àti ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ wọn sílẹ̀. Bit lè ká wọn mọ́ra, kó fa ọwọ́ wọlé. Àmọ́ ẹ lo awò ojú, ohun ìdí etí àti ìbomú. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ rèé. Tí a bá ń ṣe fúríídọ̀mù fún ọmọ wa, a máa ń dáwó ra ẹ̀rọ fún un. Ẹ jẹ́ ká fi awò ojú àti ìbomú kún un. Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá yẹn lọ, kí ẹ wo ìka àwọn ọmọ tó ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.